Ègé Ewùrà Mẹ́ta

Ìró ọmọ odó méjì nínú odó kan ni mo fi ń rántí ọdún yẹn. Tí ọmọ odó bá jẹ́ ẹyọ kan, ó máa ń dún bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò sí ẹni tó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ méjì, wọn a máa dá ara wọn lóhùn. Yèyé á sọ tirẹ̀ kalẹ̀, ẹni tó dojú kọ ọ́ á fi tirẹ̀ lé e, kò sì ní sí ẹni tó ń kà á. Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi. Ilé wa wà ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tó jẹ́ pé tí èèyàn bá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé tó gbójú sókè, òkè Olósùnta ni yóò rí. Ní àárọ̀ ọyẹ́, òkè náà á pòórá sínú kùrukùru; tí oòrùn bá yọ, á tún padà wá díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń jí lójú oorun. Dádì ń kọ́ni ní ilé-ìwé girama, Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà, láti ìgbà tí mo bá ti ilé-ìwé dé títí ilẹ̀ á fi ṣú, Yèyé ló ni mí. A ní sítóòfù onígáàsì ní kíṣìnnì, ṣùgbọ́n Yèyé kì í se iṣu iyán lórí rẹ̀. Ó ní iṣu tí kò bá gbọ́ òórùn igi kì í tètè mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gún òun.

Ohun tí mo fẹ́ jù lọ láyé nígbà náà ni kí n dúró dojú kọ Yèyé nídìí odó. Mo mọ̀ pé ó lè jọ ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé dúró síbẹ̀ ní ilé wa. Ọmọ odó méjì ni Yèyé ní. Èkíní wúwo, òun fúnra rẹ̀ ló ń lò ó. Èkejì fúyẹ́, ìyá rẹ̀ ló fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, ọmọbìnrin tí Yèyé bá sì gbà pé ó ti mọ iyán gún ló máa ń fún. Kì í sọ fún èèyàn pé ó ti yege. Ó kàn máa na ọmọ odó sí i ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo sì ti ń retí ọjọ́ náà tipẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kó eèpo iṣu fún ewúrẹ́, kí n bu omi gbígbóná wá, kí n sì lé adìyẹ. "Títí, o máa ń kánjú jù," ni Yèyé máa ń sọ fún mi. "Odó ò ní sá lọ."

Lẹ́yìn ìsinmi Àjíǹde ọdún yẹn ni Bọ́sẹ̀ dé. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni, láti Ìgbàrà-Odò, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń dá oko kòkó. Oko wọn jìn sí ìlú, ilé-ìwé sì jìn sí oko, ni Yèyé bá ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá sọ́dọ̀ òun kó wá parí ìwé mẹ́fà ní Ìkẹ́rẹ́. Ó gbé àpò ìrẹsì kan dé, aṣọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ru òkìtì iṣu tẹ̀ lé e. Oṣù méjì péré ni mo fi jù ú lọ. Mo ń tẹnu mọ́ oṣù méjì yìí nítorí mo tẹnu mọ́ ọn fún òun náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, bóyá ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Yèyé ń gún iyán, mo dúró pẹ̀lú ugbá omi mi, bí wọ́n ṣe ń pe igbá lọ́dọ̀ wa, ni Yèyé bá dáwọ́ dúró láti mí. Bọ́sẹ̀ ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Yèyé wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo èjìká rẹ̀, ó sì na ọmọ odó fífúyẹ́ sí i.

"Yèyé, Títí ńkọ́?" Bọ́sẹ̀ bi í.

"Títí á máa bu omi. Gbà, kí uṣu tó tutù."

Ó gbà á. Láti ìgbà àkọ́kọ́ ni ó ti ṣe é bí ẹni tí wọ́n bí sídìí odó. Kò sáré, kò fà sẹ́yìn. Mo dúró, mo ń ta omi sí iyán nígbà tí wọ́n bá ní kí n ta á, ìró méjì náà sì ń lọ lókè orí mi, ìró tí mo ti rò fún ọdún mélòó kan pé èmi ló máa wà nínú rẹ̀.

Sáíkọ́lọ́jì ni mo kà ní yunifásítì, ó sì jẹ́ ìtìjú fún mi pé kíláàsì ni mo ti kọ́kọ́ mọ orúkọ ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kọ́ wa pé èèyàn kì í sábà ṣe ìlara ẹni tó ga jù ú lọ fíìfíì. Ẹni tó jọ ọ́ ló ń ṣe ìlara, ẹni tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n jọ ń jẹ nínú abọ́ kan náà. Wọ́n tún ní ìlara pín sí méjì: ọ̀kan a máa sọ pé kí èmi náà kọ́ ọ, èkejì a máa sọ pé kí ọwọ́ tirẹ̀ já. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì ń ronú pé Yèyé ti sọ gbogbo ẹ̀ láìlo ìwé. Ó ní, "Ìlara kì í ríran jìnnà. Ẹni tí ẹ jọ ń mu omi nínú ugbá kan ló máa ń wò." Èyí tó burú jù ni pé Bọ́sẹ̀ ò ṣe mí ní nǹkankan. Tí wọ́n bá fún wa lẹ́ran, ó máa ń gé tirẹ̀ sí méjì, á fún mi ní èyí tó tóbi. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ká ní ó burú ni, ǹ bá kórìíra rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Nígbà tí táàmù ń parí lọ, ìyá Bọ́sẹ̀ bí ìbejì ní oko. Délé, bàbá rẹ̀, pe fóònù Dádì, ó ní òun fẹ́ bá Yèyé sọ̀rọ̀. A jókòó yí i ká, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi pé gbogbo wa gbọ́. Ó ní kí wọ́n múra ọmọ òun sílẹ̀, kò sí ẹni tó máa gbé ìbejì, àti pé ó ń bẹ òun lẹ́rù kí ọmọ òun má di ọmọ ìgboro tí kò mọ ohunkóhun. "Yèyé, ọmọ tó bá gbàgbé odó, ulé ló gbàgbé yẹn."

"Ta ló gbàgbé odó?" Yèyé fi ìbínú dá a lóhùn. "Délé, wá lọ́jọ́ Ìsinmi. Òun nìkan ni yóò gún uyán tí o máa jẹ. Tí o bá jẹ ẹ́ tán, kí o wá sọ fún mi pé ó ti gbàgbé."

Bàbá Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Tó bá gún un dáadáa, kó dúró sọ́dọ̀ yín, kó parí ìwé rẹ̀, a ó wá ẹni tó máa gbé ọmọ. Tí kò bá mọ̀ ọ́n gún, mò ń mú un lọ o."

Bí a ṣe ń bọ̀ láti ilé-ìwé lọ́jọ́ kejì, Bọ́sẹ̀ mú ọwọ́ mi. Tíṣà wa ti ní kí kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nítorí ìṣirò, mo sì rò pé kò sí ẹni tó ti pàtẹ́wọ́ fún un nínú kíláàsì rí kó tó dé Ìkẹ́rẹ́. "Títí," ó ní, "tí bàbá mi bá gbà, a ó jọ wọ girama. A ó máa jókòó pọ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì ń rò ó nínú ara mi pé tí kò bá gbà, èmi ni Yèyé máa na ọmọ odó sí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi náà, Bọ́sẹ̀ bẹ iṣu, ó gbé e ka iná lórí ààrò, ó sì lọ pọn omi. Ewùrà kan wà lábẹ́ tábìlì kíṣìnnì tí Mọ́mì fẹ́ fi ṣe ọ̀jọ̀jọ̀. Kò sí ọmọ Èkìtì tí kò mọ̀ pé ewùrà kì í ṣe iṣu iyán. Ó lómi, ó rọ̀, kì í fà, tí ó bá sì wọ inú iyán, á sọ ọ́ di yẹ́pẹyẹ̀pẹ. Mo gé ègé mẹ́ta, mo bẹ wọ́n. Mo ti èyí tó tóbi jù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, mo fi méjì yòókù sáàárín iṣu, mo sì dé ìkòkò padà. Mo rántí pé mo fọ ọ̀bẹ náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé ọ̀bẹ ló máa sọ̀rọ̀.

Bàbá Bọ́sẹ̀ dé nígbà tí iṣu ti jinná. Wọ́n gbé àga fún un lábẹ́ igi máńgòrò, òun àti Dádì ń sọ̀rọ̀ kòkó. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, mo ń wo Bọ́sẹ̀ bó ṣe ń kó iṣu sínú odó. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó pẹ́ lórí ìkòkò. Nígbà tó yíjú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Èéfín ni mo rò pé ó fà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Mo gbọ́ ọ nígbà tí ìró náà yí padà. Kò dún gbì mọ́, ó ń dún bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀. Ó dúró, ó wo inú odó, ó tún gún un, ó tún gún un, títí òógùn fi bo ojú rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ fi ìka bu iyán náà, iyán ò tẹ̀ lé ìka rẹ̀, ó kàn lẹ̀ mọ́ ọn. "Yèyé," ó ní, "ẹ bá mi wá ṣíbí kí n fi mu ún."

Dádì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Bọ́sẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, kò gbójú sókè. Yèyé bu iyán náà díẹ̀ sẹ́nu. Mo rí i bó ṣe dáwọ́ jíjẹ dúró. Kò wo Bọ́sẹ̀ rárá. Orí ilẹ̀kùn kíṣìnnì ni ojú rẹ̀ lọ, lórí mi, kò sì pẹ́ níbẹ̀.

"Délé, uṣu ló fà á, kì í ṣe ọmọ," ló sọ.

Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Iṣu tí bàbá Bọ́sẹ̀ fúnra rẹ̀ gbìn, tó wú, tó rù wá sílé wa ni. Ẹ má pe iṣu àgbẹ̀ Ìgbàrà-Odò ní iṣu burúkú lójú rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Uṣu tèmi? Uṣu tí mo jẹ uyán rẹ̀ lánàá? Yèyé, ẹ ṣeun, ẹ ti ṣe é dé ibi tí agbára yín mọ. Bọ́sẹ̀, lọ kó aṣọ rẹ."

Ó kó o sínú àpò ìrẹsì náà. Nígbà tí takisí dé, mo ní, "Bọ́sẹ̀, ó dàbọ̀," ó kàn mi orí sí mi, kò la ẹnu. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, mo gbà pé ìbínú ló di ẹnu rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ti ilé-ìwé dé, mo rí odó láàárín àgbàlá, ìkòkò sì wà lórí ààrò. Yèyé na ọmọ odó fífúyẹ́ sí mi. Ọjọ́ tí mo ti ń retí láti kékeré dé, mo sì gbà á. Ó ṣí ìkòkò. Ewùrà ni gbogbo rẹ̀. "Jẹ́ ká gún un," ó ní. A gún un, òun pẹ̀lú mi, ojú kojú. Ewùrà ń ta sí wa láṣọ. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mi ò sì lè nu ojú nítorí ọwọ́ mi méjèèjì wà lára ọmọ odó. Mo rò pé ó máa nà mí. Ó kàn dá ọwọ́ dúró, ó sì fi etí aṣọ ìró rẹ̀ nu ojú mi.

"Mo tọ́ ọ wò lọ́jọ́ náà," ó ní, "mo sì mọ ọwọ́ tó ṣe é. Ká ní mo sọ ọ́, ọmọ yẹn ì bá dúró. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wọn ì bá dójú tì níwájú àlejò. Mo wo ẹ̀yin méjèèjì, mo sì bo tìẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn, kì í ṣe tìẹ. O rò pé mo fẹ́ràn rẹ̀ jù ọ́ lọ, àbí? Mo fún un ní ọmọ odó nítorí pé àlejò ló jẹ́ lọ́dọ̀ wa, kó lè ní ibi tí yóò dúró sí. Ìwọ, ta ló fẹ́ lé ọ kúrò níbi tí o wà?"

Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò láti apá gbogbo, bí mo ṣe máa ń ṣe sí ohun gbogbo tó bá ń dùn mí, mi ò sì tíì rí ibi tí mo lè gbé e sí kó má ṣe mí nǹkan. Ohun tí mo ń jà fún, inú rẹ̀ ni mo ti ń gbé. Yèyé lọ sí Ìgbàrà-Odò lẹ́ẹ̀mẹta láti bẹ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún méjì ni Bọ́sẹ̀ fi wà ní oko, tó ń pọn ìbejì, kó tó padà sí ilé-ìwé. Àwọn àgbà ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Tèmi ò tíì pé ogún ọdún, ó sì ń jó mi.

Yèyé ti lọ báyìí. Mo ti jáde yunifásítì, mo ti sin ìjọba, mo wà nílé, mò ń retí iṣẹ́. Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo ṣí fóònù, mo rí Bọ́sẹ̀ lórí Wásáàpù nínú aṣọ funfun: ó ti di nọ́ọ̀sì ní Ẹmùré. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo bá a yọ̀, inú mi sì dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nǹkankan tún bù mí jẹ lábẹ́ ayọ̀ náà, mo sì dá a mọ̀. Ọmọ tó fọ ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀mejì ni. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo pè é lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo ní kó wá lo ọdún Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa. Ó wá. Ó ní iyán ló wu òun jẹ. A jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, a ń bẹ iṣu, òkè Olósùnta sì wà nínú ọyẹ́ tí a ò rí i. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé ìdí tí mo fi ń ṣàlàyé, títí ó fi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Títí, sinmi ná. Ègé mélòó lo fi síbẹ̀?"

"Mẹ́ta."

"Mẹ́ta!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ìwọ ọmọ yìí! Méjì ni mo rí! Mo ní mo ti yọ gbogbo ẹ̀, kí ló tún ń ba iyán mi jẹ́?"

"O yọ ọ́?"

"Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, ṣé mi ò ní mọ ewùrà ni? Tí mo bá jù ú sílẹ̀, wọ́n á rí i, wọ́n á sì nà ọ́. Mo bá jẹ ẹ́. Ó gbóná bí iná! Gbogbo ẹnu mi bó. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi lè jẹ ata."

Mo rántí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú, omijé tí mo pè ní èéfín, ẹnu tí kò là nígbà tí takisí dé.

"Inú bí mi sí ọ o," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Ọdún méjì kì í ṣe ọjọ́ méjì. Ìgbà tí ẹ̀ ń ṣe ìdánwò, mò ń fọ ìledìí ọmọ. Ṣùgbọ́n èmi náà ṣe ìlara rẹ. Ní alaalẹ́, Mọ́mì rẹ á wá fa aṣọ bò ọ́. Wọ́n máa ń fa tèmi náà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tìrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà."

A gbé iṣu ka iná, a sì ń koná mọ́ ọn títí ó fi jinná. Mo gbé odó wá. Ọmọ odó méjèèjì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí Yèyé máa ń fi wọ́n sí. Bọ́sẹ̀ mú èyí tó wúwo, ó sì na èyí tó fúyẹ́ sí mi. Bí mo ṣe fẹ́ kó iṣu sínú odó, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró ná."

Ó ṣí ìkòkò, ó mú ṣíbí, ó ń yí ègé iṣu kọ̀ọ̀kan wò lọ́kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn, ó sì wa ìsàlẹ̀ ìkòkò dáadáa, ojú rẹ̀ ò kúrò lára mi. Lẹ́yìn náà ló fi orí ṣe àmì sí mi pé kí n bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ọmọ odó sókè. Mo sọ tèmi kalẹ̀, ó fi tirẹ̀ lé e.